Bí Ẹ Ṣe Lè Jáde Nínú Ṣọ́ọ̀bù Kí Rẹ́ntì Tó Tán, Kí Owó Yín Má Ṣègbé

Ó máa ń dun èèyàn o, ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti san owó ọdún kan sí, tí ọjà ò wá lọ níbẹ̀. Ẹ ti san rẹ́ntì, ẹ ti san ti éjẹ́ntì, ẹ ti san ti lọ́yà, owó kọ́ṣọ̀n wà níbẹ̀, ìyẹn owó tí lánlọ́ọ̀dù mú dání bóyá nǹkan á bàjẹ́, ẹ tún ṣe sílíìnì, ẹ tún kun ún, oṣù márùn-ún péré ìjọba wá gbẹ́ gọ́tà síwájú ibẹ̀ tí kọ́sítọ́mà ò ráyè páàkì mọ́, tàbí owó epo jẹnẹrétọ̀ ti ju èrè ojúmọ́ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n á bá tiwọn lọ, wọ́n á ní kó ṣáà tán, owó oṣù méje á sì wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á já kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ máígádì, lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n á wá máa pe lánlọ́ọ̀dù lórí fóònù pé kó dá owó tó kù padà. Kò ní dá a padà, torí kò sí ìwé kankan tó ní kó dá a padà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn rèé. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ jáde, òfin ò fi dandan lé e pé kí lánlọ́ọ̀dù dá rẹ́ntì tó ṣẹ́kù padà fún yín. Ẹ má wo ojú àánú ẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ́yìn yín ni owó yín wà, ẹni yẹn ló máa san owó tuntun, inú owó tuntun yẹn ni tiyín ti máa jáde. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Èkó ni mò ń sọ o, ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì, ilé ìkẹ́rùsí, gbogbo ẹ̀. Òfin tó kan wa ni òfin ilé gbígbà ti ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011, kì í ṣe ilé ìgbé nìkan ló wà fún, ilé ìṣòwò náà wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n yọ Apápá, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island kúrò, tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ wà, ohun tó wà nínú àgíríméntì yín lẹ máa gbára lé jù, kẹ́ ẹ sì yáa wá lọ́yà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́, òfin ìpínlẹ̀ yín yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń báni sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yanjú ẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ẹ ka àgíríméntì yẹn kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni

Kẹ́ ẹ tó sọ fún lánlọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ tó sọ fún éjẹ́ntì, àní kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ wá ìwé yẹn jáde. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló kàn sáìnì ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ kà á báyìí láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wá ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní break clause, ìyẹn ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó gba ilé lè jáde kí àsìkò tó pé tó bá ti fún lánlọ́ọ̀dù ní nótíìsì oṣù báyìí báyìí. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ ti rí ọ̀nà, àmọ́ ẹ tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: tí wọ́n bá ní oṣù mẹ́ta, kó má jẹ́ oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n bá ní lẹ́tà, kó má jẹ́ WhatsApp, tí wọ́n bá ní ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń jáde, ẹ san gbèsè tán. Lánlọ́ọ̀dù tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ lọ, ibi kékeré tẹ́ ẹ ti ṣì í yẹn ló máa dì mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa gbígbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ àgíríméntì ló ní kò sáyè àfi tí lánlọ́ọ̀dù bá fọwọ́ sí i, tí wọn ò bá tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, òfin Èkó ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè gbé e fún ẹlòmíì láìgba ìyọ̀ǹda lánlọ́ọ̀dù nínú ìwé. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ nípa owó kọ́ṣọ̀n, bóyá wọ́n ní kẹ́ ẹ kun ilé padà kẹ́ ẹ tó jáde, àti bóyá ẹnì kan dúró fún yín. Ẹni tó dúró fún yín yẹn ṣe pàtàkì o, torí tí ọ̀rọ̀ bá dàrú, òun náà ni wọ́n máa lọ bá.

Tí kò bá sí àgíríméntì ńkọ́, tó jẹ́ rìsíìtì nìkan? Ó pọ̀ gan-an bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń san owó. Níbi tí ẹ̀yin àti lánlọ́ọ̀dù ò bá ti jọ sọ iye àsìkò nótíìsì, òfin ti sọ ọ́ fún yín: ẹni tó ń san lóṣooṣù, nótíìsì oṣù 1, ẹni tó ń san lóṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, oṣù 3, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù 6. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé lánlọ́ọ̀dù nìkan ló gbọ́dọ̀ fúnni ní nótíìsì yẹn. Rárá o, tọ̀tún tòsì ló kàn. Ẹni tó ń san ọdọọdún tó bá dédé já kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lánàá, lánlọ́ọ̀dù lè ní òun ò rí nótíìsì oṣù mẹ́fà òun.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọdún pàtó ni wọ́n kọ sínú ìwé, ká ní láti oṣù kìíní ọdún yìí dé ìparí oṣù kejìlá ọdún tó ń bọ̀, tí kò sì sí break clause níbẹ̀, nótíìsì nìkan ò lè yọ yín níbẹ̀. Ẹ ti jọ fẹnu kò sí ọdún méjì. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ jọ tún fẹnu kò pé ó ti parí.

Ta gan-an ni lánlọ́ọ̀dù yín?

Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yìí yà yín lẹ́nu. L'Ékòó, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín lè máà jẹ́ onílé. Ẹlòmíì gba odindi pílásà lọ́wọ́ onílé, ó wá ń pín in fún àwọn yòókù. Ti ilé ẹbí tún wà, ẹ̀gbọ́n á gba rẹ́ntì, àbúrò á ní òun ò gbọ́ sí i. Ẹ lọ wo orúkọ tó wà lórí rìsíìtì àti àgíríméntì, ẹni yẹn lẹ máa bá sọ̀rọ̀, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ sáìnì ìwé tẹ́ ẹ máa fi jáde. Tó bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí sáìnì, kí lọ́yà wọn náà mọ̀ sí i. Éjẹ́ntì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ yín dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu éjẹ́ntì ò lè tú yín sílẹ̀ àfi tí onílé bá ti fún un láṣẹ nínú ìwé.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù inú ọjà ìjọba ìbílẹ̀, ẹ lọ rí ọ́fíìsì ọjà náà àti àwọn aláṣẹ ọjà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ìwé tí wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ máa ń ní òfin tiẹ̀.

Ẹ ṣírò owó kẹ́ ẹ tó lọ bá a

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ká ní ẹ san 1,200,000 náírà fún ọdún kan, ìyẹn 100,000 lóṣù. Ẹ ti lo oṣù 5, ó ku oṣù 7, owó yín tó wà níbẹ̀ jẹ́ 700,000. Ẹ wá rìn yíká àdúgbò, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gba ṣọ́ọ̀bù tó rí bíi tiyín lásìkò yìí, ẹ ní ẹ fẹ́ gbà fún àbúrò yín. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ 1,800,000, torí kò síbi tí rẹ́ntì ò ti lọ sókè.

Ẹ fi ojú lánlọ́ọ̀dù wò ó. Tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn pa títí ọdún fi parí, kọ́bọ̀ ò ní wọlé fún un fún oṣù méje. Tí ẹlòmíì bá wọlé lónìí pẹ̀lú 1,800,000, tó dá 600,000 padà fún yín, tó yọ owó oṣù kan sílẹ̀ fún wàhálà ẹ̀, 1,200,000 máa kù lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí, rẹ́ntì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sì ti kúrò ní iye àtijọ́. Èrè ẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ má lọ bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ìṣírò yìí sínú pépà kan, òun lẹ máa mú lọ. Kẹ́ ẹ sì ti pinnu láàárín ara yín iye tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀. Owó oṣù kan tàbí méjì kò burú, ó sàn ju kí méjèèje lọ.

Owó éjẹ́ntì àti owó lọ́yà tẹ́ ẹ san níjọ́sí, ẹ gbàgbé ẹ̀, ìyẹn ti lọ. Owó kọ́ṣọ̀n ní tiẹ̀ jẹ́ tiyín tẹ́ ẹ ò bá ba nǹkan jẹ́. Òfin Èkó ní kí ẹni tó bá gba owó kọ́ṣọ̀n tàbí owó sáfíìsì (service charge, owó ìtọ́jú ilé) fúnni ní rìsíìtì tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ béèrè ẹ̀. Ẹ lè bá owó sáfíìsì tí wọn ò tíì ná níbẹ̀, ìyẹn náà á wọnú ìṣírò.

Ẹ lọ bá a fúnra yín, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà

Èmi ò fara mọ́ kí lẹ́tà lọ́yà jẹ́ ohun tí lánlọ́ọ̀dù máa kọ́kọ́ rí. Àgbàlagbà tó ń gbé lókè ilé ẹ̀, tó dédé rí lẹ́tà lọ́yà lọ́wọ́ ayálégbé, ìjà ló máa kà á sí. Ohun tí a bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lọ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Bàbá, ẹ kú ilé o sà. Ẹ ṣeun fún gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ yín. Ọjà ò lọ mọ́ níhìn-ín látìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà, mi ò sì fẹ́ ti ilé yín pa. Ẹ jẹ́ ká jọ wá ẹni tó máa gbà á, iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò báyìí ti ju tèmi lọ. Tẹ́ni yẹn bá san, kẹ́ ẹ fún mi ní tèmi nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú owó oṣù kan dání." Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé pépà yẹn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Mọ́mì tàbí Alhájì, bákan náà ni. Tó bá jẹ́ kọ́ńpínì ló ni ilé, ìméèlì sí ọ̀gá tó ń bójú tó ilé náà ló yẹ, ẹ ò nílò gbogbo ìkíni yẹn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹ kọ lẹ́tà. Kó ní dẹ́ètì, orúkọ yín, àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí rẹ́ntì bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa tán, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ jáde, àti ohun tẹ́ ẹ jọ sọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kó gba ọ̀kan, kó sáìnì sí èkejì pé òun rí i gbà. Tí kò bá fẹ́ sáìnì, ẹ fi kúríà rán an kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì wọn, kẹ́ ẹ tún ya fótò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọjọ́ tó gbà á ni nótíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ka, ìdí tí dẹ́ètì fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tí owó kankan bá tó àsìkò láti san láàárín ìgbà yìí, ẹ máa san án, ẹ má jẹ gbèsè lásìkò tẹ́ ẹ ń bẹ̀bẹ̀ ìtúsílẹ̀.

Wíwá ẹni tó máa gbà á

Ẹ máà dá iṣẹ́ yìí dá lánlọ́ọ̀dù, kò ní kánjú bíi tiyín. Àwọn tó wà nínú pílásà yẹn lẹ máa kọ́kọ́ bi, ẹni tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè ti ń wá àyè sí i látọjọ́ tó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà, éjẹ́ntì. Ẹni tó bá ń wọlé ló sábà máa ń san owó éjẹ́ntì àti ti lọ́yà, torí náà éjẹ́ntì máa jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, á bá yín sáré, á sì bá yín bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé páálí "ṣọ́ọ̀bù wà" kọ́ iwájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ ara yín gba rẹ́ntì lọ́wọ́ ẹni tuntun láìsí ìwé ìyọ̀ǹda lánlọ́ọ̀dù. Ẹni yẹn á wọlé, lánlọ́ọ̀dù á lé e, ọ̀dọ̀ yín ló máa padà sí, wọ́n sì lè pè é ní jìbìtì. Lánlọ́ọ̀dù ni kó san rẹ́ntì fún.

Ṣùgbọ́n ẹrù yín jẹ́ tiyín. Ṣẹ́ẹ́fù, ẹyasí, jẹnẹrétọ̀, káńtà, fáànù, ẹ lè tà á fún ẹni tó ń wọlé, kẹ́ ẹ fún un ní rìsíìtì lọ́tọ̀, kó má dà pọ̀ mọ́ rẹ́ntì. Ohun tẹ́ ẹ bá kàn mọ́ ilé torí iṣẹ́ yín, tó ṣeé tú láì ba ilé jẹ́, ẹ lè tú u kí àsìkò yín tó parí, àfi tí àgíríméntì bá ní ẹ ò gbọ́dọ̀ tú u. Táìlì, sílíìnì, ògiri tẹ́ ẹ mọ sáàárín, ìyẹn ti di ti ilé. Òfin sọ pé ẹni tó tún ilé ṣe pẹ̀lú ìyọ̀ǹda lánlọ́ọ̀dù nínú ìwé lè gba owó ẹ̀, àmọ́ ìgbà tó bá jẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló ní kó jáde ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ, ẹ ò lè fi òfin yẹn mú un, ẹ kàn lè fi bá a dúnàádúrà.

Ìwé tí ẹ ò gbọ́dọ̀ jáde láìní

Tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ lẹ̀. Lọ́yà lè kọ ọ́ ní ojúewé méjì péré. Kó sọ pé lánlọ́ọ̀dù ti gba ṣọ́ọ̀bù padà láti ọjọ́ báyìí, pé àgíríméntì ti parí lọ́jọ́ yẹn, pé ẹ ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́, tó bá sì jẹ́ pé ó kù, kí wọ́n kọ iye ẹ̀. Pé ẹni tó dúró fún yín náà ti bọ́ nínú ẹ̀. Pé owó kọ́ṣọ̀n jẹ́ iye báyìí, yóò dá a padà lọ́jọ́ báyìí. Ní ti owó rẹ́ntì tó máa dá padà, kí wọ́n kọ iye náà ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó máa san án, kí wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì yín síbẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n kọ "nígbà tí ẹni tuntun bá san owó" láìfi ọjọ́ kankan sí i, ẹ ní kó jẹ́ "tàbí ọjọ́ báyìí, èyí tó bá kọ́kọ́ dé". Kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sáìnì níhà méjèèjì.

Ìdí tí iye owó àti ọjọ́ fi ṣe pàtàkì ni pé kọ́ọ̀tù kékeré tí wọ́n ń pè ní Small Claims Court, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2018, gbèsè tí iye ẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì fi sí i láti parí ẹjọ́. Ìwé tó sọ pé 600,000 náírà ní ọjọ́ báyìí, ẹ lè gbé e lọ síbẹ̀. "Bàbá ní àwọn máa ṣe nǹkan sí i" kò ṣeé gbé lọ síbẹ̀.

Tí àgíríméntì yín bá ju ọdún mẹ́ta lọ, ìwé lásán ò tó, deed, ìyẹn ìwé òfin tí wọ́n fi èdìdì sí, ni lọ́yà gbọ́dọ̀ fi ṣe é. Ẹ má torí àtidín owó kù fo ìyẹn.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ ń jáde

Ẹ gbá ibẹ̀ mọ́, ẹ dí ihò ìṣó tó wà lára ògiri. Ẹ ṣe fídíò gbogbo igun, pẹ̀lú ilé ìyàgbẹ́ àti òrùlé, kí lánlọ́ọ̀dù tàbí éjẹ́ntì wà níbẹ̀. Ẹ ya fótò mítà iná, kẹ́ ẹ rí i pé kò sí gbèsè lórí ẹ̀, ẹ san owó ìdọ̀tí ti LAWMA, ẹ sì sọ pátákó yín kalẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí LASAA, àjọ tó ń bójú tó pátákó ìpolówó l'Ékòó, mọ̀, kí bílì ọdún tó ń bọ̀ má bàa jáde lórúkọ yín. Kẹ́ ẹ wá ka kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, kó sáìnì pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lòun gbà. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni agbára tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ má fi sílẹ̀ kí wọ́n tó sáìnì ìwé.

Tó bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òun gan-an ló ti da àdéhùn. Ṣé ó ti ṣọ́ọ̀bù yín pa rí ni? Ṣé ó gé iná? Àbí LASBCA, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó, ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé náà? Gbogbo ìyẹn yí ọ̀rọ̀ padà, torí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ibi tẹ́ ẹ sanwó fún ní ìrọ̀rùn, tí ẹ̀rí bá wà, lọ́yà lè fi í gba owó fún yín dípò kẹ́ ẹ máa dúnàádúrà. Lánlọ́ọ̀dù tó bá fi agbára léni jáde tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin 2011 yẹn, ìtanràn tó lè tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6.

Tó bá jẹ́ pé agídí ni, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Látọdún 1999 ni wọ́n ti wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé sì wà lára ohun tí wọ́n ń parí. Wọ́n á kọ lẹ́tà pe lánlọ́ọ̀dù, ẹ máa jókòó, ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sáìnì. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju kọ́ọ̀tù lọ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, owó lọ́yà lè jẹ ìdajì owó tẹ́ ẹ ń lé. Ẹ má gbé e lọ bá ọlọ́pàá, gbèsè kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ má sì fi ìbínú fọ́ táìlì, wọ́n á kàn yọ owó ẹ̀ nínú kọ́ṣọ̀n yín ni.

Tí gbogbo ẹ̀ ò bá wá bọ́ sí i, ẹ béèrè fún ìwé ìyọ̀ǹda kan ṣoṣo pé kẹ́ ẹ gbé ẹnì kan síbẹ̀ fún oṣù tó kù. Lánlọ́ọ̀dù tí kò fẹ́ dá owó padà máa ń gba èyí nígbà míì, torí kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Ẹni tó nílò àyè fún ọjà Kérésì tàbí ọjà Iléyá lè gba oṣù mẹ́ta mẹ́rin lọ́wọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá ti jáde tán, ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì padà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ fi forúkọ sílẹ̀, ẹ yí i ní báńkì àti lórí Google, kẹ́ ẹ lẹ nọ́ńbà fóònù yín mọ́ ilẹ̀kùn tí ẹni tuntun bá gbà fún yín kí àwọn kọ́sítọ́mà lè rí yín. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú àgíríméntì, rìsíìtì, fídíò àti ìwé ìjáde yẹn fún ọdún 6, torí ọdún 6 ni òfin Èkó fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.